Yàrá Ẹni Tí Ọ̀nà Rẹ̀ Jìn

Àtìní, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Lánlọ́ọ̀dù wá. Ìgbà tó ti ń kí mi ní "dókítà wa, dókítà wa" láti ẹnu géètì ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà fẹ́ tún ilé ṣe: táìlì nílẹ̀, omi ẹ̀rọ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, géètì tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, owó ilé ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e, kó kó jáde kí oṣù tó parí. Gbogbo àdúgbò Adéwọlé ní Ìlọrin níbí ló ń dà báyìí díẹ̀díẹ̀. Táìlì ń lé wa jáde.

Mo sọ fún un pé mo ní ìdánwò ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá – ìgbẹ̀bí àti ìtọ́jú ọmọdé – pé ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ọdún kan gbáko ló máa fi tún un ṣe. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n yege. Mo ní àmín. Ó ní kí n má gbàgbé, ìparí oṣù o.

Bàbá mi ní Ṣakí ti ta ọ̀kadà rẹ̀ torí ọdún karùn-ún yìí. N kò ní pè é.

Àlàrùbá, 8 Oṣù Kẹwàá

Nabeelah, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní kíláàsì, ló fún mi ní nọ́ńbà éjẹ́ǹtì ilé kan. Abdulmateen lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Ẹ-Ṣáà-Wò-Ó ni mo sọ ọ́, torí ohun tó ń wí nìyẹn níwájú gbogbo ilẹ̀kùn.

A wo mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ní Tánkẹ̀ – fèrèsé kan ṣoṣo, inú ilé ìdáná aládùúgbò ló ṣí sí. "Ẹ ṣáà wò ó, dókítà. Òórùn ọbẹ̀ wọn nìkan, ẹ ó ti yó." Ìkejì, òkè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ẹ̀rọ gbohùngbohùn nítòsí Post Office. Mo ní báwo ni mo ṣe máa kàwé? Ó ní wọ́n máa ń pa á lọ́jọ́ Jímọ̀, láàárín aago kan sí aago méjì. Ìkẹta dára. Ìkẹta dára gan-an ni. Owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó àgírímẹ́ǹtì, owó tirẹ̀. Mo kàn fọwọ́ pa ògiri rẹ̀ lára, mo jáde.

Ó tún gba owó ìwòran lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan! Inú bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn láti Post Office dé ilé.

Àlàmísì, 9 Oṣù Kẹwàá

Kò sí. Mo sùn lórí ìwé, báírò yà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Àtìní, 13 Oṣù Kẹwàá

Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin kan wà lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù ní wọ́ọ̀dù wa, ibà apọ́njú. Ìyá rẹ̀ ń sùn, oorun náà sì tọ́ sí i. Ìyá àgbà ló jókòó tì wọ́n – Ìyá Hàlímọ̀tù, tó bí ìyá tó bí ìyá ọmọ náà. Ara rẹ̀ ṣì le, ojú rẹ̀ kì í kọjá nǹkan láìwò ó.

Mo gbé ìwé, mo ń bi í ní àwọn ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa. Ilé wo lẹ ń gbé, omi wo lẹ ń mu, ta ló ń gbọ́ bùkátà ọmọ. Ó ń dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́, dókítà? Níbo lò ń gbé?"

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìyẹn láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ sọ pé "Adéwọlé ni, Ìyá", kí n sì kọjá. Dípò bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ tú jáde – lánlọ́ọ̀dù, táìlì, éjẹ́ǹtì, ọ̀kadà bàbá mi. Lórí ìdúró. Nọ́ọ̀sì kan ń wò mí.

Ó ní ilé àwọn wà lẹ́yìn ọjà Ipata, Ilé Oníkálàmù. Ó ní yàrá kan wà níbẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, tí baba ńlá ọkọ òun fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, fún ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá ìmọ̀ wá sí Ìlọrin. A kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó gbé e kẹ́yìn ti kọ́ kéú tán, ó ti padà sí Bídà, ọdún kẹta rèé tó wà ní títì. Ó ní kí n wá rí Àáfà Tìjání lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ni olórí ilé.

Yàrá tí a kì í sanwó rẹ̀, ní Ìlọrin, lọ́dún yìí? Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru. Mo wọ̀n ọ́n. Kò ru.

Jímọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ. Màrúwá já mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń já iṣu, mo gba àárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọlé. Ilé náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ: àgbàlá nínú àgbàlá, páànù tó ti pọ́n, àwọn ọmọ tó pọ̀ ju kí n kà wọ́n lọ.

Àáfà Tìjání jókòó lórí awọ ewúrẹ́. Arúgbó ni, ó mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó tì í. Ó bi mí pé kí ni mo wá kọ́ ní Ìlọrin. Mo ní ìṣègùn òyìnbó ni, Bàbá. Ó dákẹ́. Àwọn mẹ́ta yẹn kò dákẹ́ ní tiwọn. Ọ̀kan ní obìnrin kò gbé yàrá yẹn rí. Èkejì ní ìmọ̀ tí baba àwọn ní lọ́kàn, kéú ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ní ṣé wọ́n ò ní jẹ́ kí àwọn jẹun ni.

Mo ti ń fojú wá bàtà mi nígbà tí Àáfà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Kí lo kọ́ lónìí?"

Lónìí? Mo rò ó. Mo rántí ohun tí kọnsọ́tantì wa tún sọ ní òwúrọ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ kan. Mo ní: ọmọ inú oyún kì í mí. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì wà ní pípadé, ẹ̀jẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Nítorí náà, Ọlọ́run fi ilẹ̀kùn kékeré kan sáàárín ọkàn rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ máa gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i, èémí àkọ́kọ́ tó bá fà, ẹ̀dọ̀fóró á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọ ibẹ̀, á yí padà gba ẹ̀yìn wá, á sì ti ilẹ̀kùn náà pa. Ilẹ̀kùn yẹn ń tì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ bá ń ké igbe tí gbogbo wa ń dúró dè. Mo ní gbogbo àwa tó jókòó yìí ni ojú ibẹ̀ wà láyà wa.

Ẹni tí ebi ń pa gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. Àáfà ní, "Sùbùhánà-lláhì." Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló tó wo ojú mi. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Àtìní.

Ọdún kejì ni mo ti kọ́kọ́ ka nǹkan yìí. Mo gba máàkì lórí rẹ̀. Nínú Màrúwá lónìí, mo gbé ọwọ́ lé àyà èmi náà títí mo fi dé ilé.

Àtìní, 20 Oṣù Kẹwàá

KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ LỌ́WỌ́ MI.

Àáfà ní baba àwọn kò ní kí àwọn bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó ju ìbéèrè yẹn lọ. Àwọn ti bi í, mo sì ti dáhùn. Ó wá sọ bí yàrá náà ṣe ń rìn fún mi. A kì í sanwó rẹ̀. Lójoojúmọ́, láàárín Mọ̀gáríbì sí Ìṣáì, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí àgbàlá kó sọ ohun kan tó kọ́ lọ́jọ́ yẹn fún àwọn ará ilé, sàká ìmọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àti pé bí ẹlòmíràn bá dé tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ju tèmi lọ, òun ló ni yàrá.

Mo yára ní Ṣakí jìn, Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àáfà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó jìn."

Èmi, Bílíkísù, ọmọ ọlọ́kadà. Ọlọ́run tóbi.

Sátidé, 25 Oṣù Kẹwàá

Mo ti kó wọlé. Ògiri amọ̀, ó nípọn, inú rẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Ilẹ̀kùn kan kọjú sí títì, èkejì kọjú sí àgbàlá. Tábìlì kan, ẹní kan, iná tó ń wá nígbà tó bá wù ú.

Mo ń gbá ilẹ̀ ni mo rí i: lára ògiri, ní ìsàlẹ̀ fèrèsé, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti gbé ibẹ̀ ti kọ orúkọ ìlú rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́tà kéú ni. Àáfà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á fún mi. Bídà. Ìwó. Kàtsínà. Ìṣẹ́yìn. Ọ̀kan láti Àgádẹ́ẹ̀sì, nínú aṣálẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì sí. Ẹni yẹn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé yàrá tí mo fẹ́ fi ìkòkò indómì mi sí. Mo jókòó sílẹ̀, n kò lè gbálẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Àtàlátà, 28 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n mú mi! Ó rẹ̀ mí, mo sọ ohun tí mo ti kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípa bí wàrà ìyá ṣe ń yí padà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Mo ti sọ ọ́ dé ìdajì kí Ìyá Hàlímọ̀tù tó dá mi dúró. "Òní lo kọ́ èyí àbí o ti fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní?" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n ronú. Mo ronú títí mo fi rántí pé lónìí nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ọmọ tí kò tóṣù sí àyà ìyá rẹ̀, awọ sí awọ, kó má baà tutù. Mo sọ ìyẹn. Wọ́n ní ó tó.

Sátidé, 1 Oṣù Kọkànlá

Òmùgọ̀ ni mí. Oṣù tuntun wọlé, mo ní n kò lè máa gbé ilé onílé lọ́wọ́ òfo – mo lọ sí Ipata, mo ra iṣu márùn-ún, iṣu gidi, mo ní kí wọ́n rù ú lọ fún Àáfà. Ó pè mí. Ó ní ṣé ìdúpẹ́ ni àbí owó ilé? Èmi tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí kì í purọ́ fún àgbà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fún ti oṣù yìí ni."

Ojú rẹ̀ yí padà. Kò pariwo. Ó ní láti ìgbà tí baba àwọn ti fi yàrá yẹn sílẹ̀, kò sí ẹni tó san ohunkóhun lórí rẹ̀, àti pé bí òun bá gba iṣu yìí, yàrá ti di yàrá háyà nìyẹn, òun ló sì máa jíhìn rẹ̀ lọ́run. Ó ní kí wọ́n kó o lọ fún àwọn alábàárù níta. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo tún kúnlẹ̀ bí obìnrin, n kò mọ èyí tí mo ń ṣe mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún wọn pé ohun tí mo kọ́ lónìí ni pé a kì í sanwó yàrá. Àáfà ní, "Ó tó."

Àlàrùbá, 5 Oṣù Kọkànlá

Kíndìnrín ni tòní. Mo ní ó tó ọgọ́ta ìgbà tó ń sẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ wa láàárín àsùbá kan sí èkejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní kí n tún un sọ sókè kí ọkọ òun lè gbọ́.

Àtàlátà, 11 Oṣù Kọkànlá

Kọnsọ́tantì bi wá ní ìbéèrè lórí ọmọ tó sun ẹ̀gbẹ́ ní inú ìyá rẹ̀. Mo dìde, mo ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ará ilé –" Ẹ̀rín pa wọ́n. Ṣùgbọ́n mo dáhùn, látòkè délẹ̀, láìwo ìwé. Ohun tí mo bá ti sọ ní àgbàlá yẹn kì í kúrò lórí mi mọ́. Bí mo bá lè dúró níbí di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé màá yege, ìnṣá Állàhù.

Àtàlátà, 18 Oṣù Kọkànlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo dé láti wọ́ọ̀dù lẹ́yìn Àláásárì, mo bá bàbá kan tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Àgbẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi kí ẹnu rẹ̀ tó sọ. Àpò kan wà lẹ́jìká rẹ̀, ó sì gbá wàláà tuntun kan mọ́yà, tí wọn kò tíì kọ ohunkóhun sí. Mo rò pé ó gbé aláìsàn wá. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ta ni ara rẹ̀ kò yá?" Ó ní ara gbogbo ènìyàn yá. Ó ní òun wá kọ́ ìwé.

Bàbá Yísà ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Áfọ̀n. Ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn súrà kéékèèké tó fi ń kírun, orí ló fi gbá wọn mú. Kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó ti gbọ́ pé yàrá kan wà ní Ilé Oníkálàmù.

Àáfà Tìjání pe àwa méjèèjì sórí ẹní. Ilé ti pé. Ó bi mí bí ọ̀nà mi ṣe jìn tó. Mo ní wákàtí márùn-ún láti Ṣakí, ọ̀nà ọ̀hún kò sì dára. Mo sọ ọ́ sókè. Ó bi Bàbá Yísà. Bàbá ní wákàtí kan ni, ó lé díẹ̀, ọkọ̀ ló gbé òun. Ọlọ́run dárí jì mí, mo mí kanlẹ̀.

Àáfà wá ní, "Ìgbà wo lo gbéra?"

Bàbá Yísà wo wàláà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun nígbà tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n òun sí ilé kéú, tí wọ́n fi òun sóko. Lọ́jọ́ kan òun mú ẹ̀kọ méjì dání, òun kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, òun mú ọ̀nà Ìlọrin pọ̀n. Òun rìn dé etí odò Asà. Òun ti ń gbọ́ ariwo ìlú níwájú. Ibẹ̀ ni bàbá òun ti bá òun, tó fà òun lọ́wọ́ padà. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn ni mo gbéra, Àáfà. Òní ni mo dé."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sunkún lẹ́yìn mi, n kò wo ẹni tó jẹ́.

Àáfà ní òun kò ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tó wà nínú yàrá ló máa ń wọn ọ̀nà méjèèjì wò. Èmi ni kí n dá a. Ó fún mi di Jímọ̀.

Àlàrùbá, 19 Oṣù Kọkànlá

Mo ń bínú. Sí ta ni? N kò mọ̀. Sí odò Asà.

Mo sọ fún Nabeelah. Ó ní wákàtí márùn-ún ju wákàtí kan lọ, ìṣirò jẹ́léósinmi ni, kí ló wà níbẹ̀ láti dájọ́? Ó tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi, Àáfà pàápàá kò ní dá mi lẹ́bi. Mo pe Ẹ-Ṣáà-Wò-Ó. Ó fi fọ́tò yàrá kan ránṣẹ́. Yàrá tí mo fọwọ́ pa ògiri rẹ̀ lára nì, owó rẹ̀ tún ti gun òkè.

Ọjọ́ méjìlá ló kù sí ìdánwò. Bí mo bá fìdí rẹmi, ọdún kan ni, bàbá mi kò sì ní ọ̀kadà mìíràn tó fẹ́ tà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí ni Bàbá Yísà sùn. Nígbà tí mo jáde fún Àsùbá, ó ti ká ẹní rẹ̀, ó ti gbálẹ̀ ibẹ̀, ó jókòó pẹ̀lú wàláà rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa kọ́ ọ.

Àlàmísì, 20 Oṣù Kọkànlá

Ó kan ilẹ̀kùn mi ní ọ̀sán. Ó ní, "Dókítà, má dààmú ara rẹ. Kàwé rẹ. Ẹni tó ti dúró ní ọgọ́ta ọdún, ó lè fi ọjọ́ mẹ́wàá lé e."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe! Mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí ìwé sí ibi ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ, mo ka ìlà kan. Mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìlà kan ṣoṣo yẹn.

Mo jáde lọ bá a. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kí ló dí yín lọ́wọ́ láti ìgbà yẹn?" Kò ka ìbéèrè náà sí àfojúdi. Ó ń fi ìka kà á fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní kí àwọn kó èlùbọ́ wọlé ná. Lẹ́yìn náà bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ní kó ní sùúrù. Lẹ́yìn náà àwọn àbúrò, wọ́n fẹ́ gbéyàwó. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ tirẹ̀ – mẹ́ta ti jáde yunifásítì, màáṣá Állàhù, ó ní kí n gbọ́ orúkọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kà. Lẹ́yìn náà ìyàwó rẹ̀, apá kan rọ, ọdún mẹ́jọ ló fi ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu, títí Ọlọ́run fi gbà á. Gbogbo wọn ló ní kó dúró díẹ̀. Gbogbo wọn ló sì ní ìdí. Kò bínú sí ẹnì kankan.

Ìka márùn-ún. Ó pa ọwọ́ yẹn dé, ó sì na ọwọ́ kejì sílẹ̀ lórí itan rẹ̀ láìka ohunkóhun mọ́. Mo wo ìka àkọ́kọ́ lára ọwọ́ kejì yẹn, ìka tèmi, ìtìjú sì mú mi.

Jímọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá

Mo fún un. Mo ń di ẹrù.

Sátidé, 22 Oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn Àsùbá

Kí n kọ gbogbo rẹ̀ kí ìkankan má sá lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lánàá, mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé Bàbá Yísà lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà yín jìn ju tèmi lọ." Àáfà Tìjání ní, "Ó ti dá a," ó sì fi etí aṣọ nu ojú. Èmi kò sunkún. Mo ti sun tèmi nínú yàrá.

Nabeelah ti bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n gbà kí n wá sùn sí pálọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò mọ̀. Mo kó ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, mo pe Màrúwá pé kó wá gbé mi lẹ́yìn Ìṣáì, torí mo ní n kò ní lọ láìgbọ́ ti ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Mọ̀gáríbì parí. Bàbá Yísà jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Ó tẹ́ iyanrìn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á kó tẹ́jú. Ó wá na ìka kan, ìka tó ti kọ ebè láti ọgọ́ta ọdún, ó fa ìlà kan ní òòró. Ọ̀kan péré. Ó pẹ́ kó tó fà á tán. Ó ní, "Álífù." Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè dá a lójú pé kò sẹ́ni tí kò rí i. "Álífù rèé. Ó dúró ṣánṣán. Òun ni mo kọ́ lónìí."

Àwọn ọmọ tó ti ń kọ álífù láti ìgbà tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú na ọrùn wò ó. Àáfà Tìjání, tó ti kọ́ àìmọye ènìyàn ní lẹ́tà yìí, dìde níbi tó wà, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn náà, ó ń wò ó. Mo ti rí i tí wọ́n ń bí ọmọ. Mo ti rí ọkàn tó ń lù nínú àyà tí wọ́n ṣí sílẹ̀. N kò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sì dùn mọ́ mi nínú tó báyìí. Ọ̀wọ̀ ńlá bò mí, mo sì dúpẹ́ pé ojú mi ríran.

A kírun Ìṣáì. Mo jáde lọ gbé ẹrù mi. Kò sí ẹrù. Kò sí Màrúwá. Mo sáré wọlé, mo bá Ìyá Hàlímọ̀tù lẹ́nu yàrá rẹ̀, ó ń jẹ obì. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ti jí ẹrù mi o!" Ó ní òun lòun ní kí wọ́n gbé e wọlé, òun lòun sì ní kí onímàrúwá máa lọ. Mo ní wọlé sí ibo? Mo ní Ìyá, ṣé ẹ kò rí i ni, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, n kò ní yàrá nínú ilé yìí mọ́.

Ó jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Bílíkísù." Kò pè mí ní dókítà. "Gbogbo àwa tá a wà nínú ilé yìí, ta lo rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àlejò là ń fún ní kọ́kọ́rọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù sí ìdánwò. Wọ́n ti ń sọ fún ara wọn ní àgbàlá pé kí ẹnikẹ́ni má pariwo, Bílíkísù ń kàwé, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ilé dé ìpẹ̀kun. Yàrá Ìyá ni mo ti ń kọ èyí. Àwa mẹ́rin la sun ẹní kan, èmi ni mo wà lẹ́bàá ògiri. Àsmá'ù, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tún ti gbé ẹsẹ̀ lé mi níkùn bíi ti àná, ó ń hanrun bí àgbà ọkùnrin. N kò gbé ẹsẹ̀ náà kúrò.